Omi Kì Í Ṣe Ẹran Ara: Ohun Tí Òṣùwọ̀n Ń Sọ Fún Ẹni Tí Wọ́n Ń Fọ Ẹ̀jẹ̀ Fún

Ọ̀rọ̀ ìlera ni a fẹ́ bá ara wa sọ nínú ìwé wa ti ẹ̀ẹ̀kan yìí, torí ẹni tí ara rẹ̀ bá le ló ń nájà. Ọ̀rọ̀ náà sì kan àwa fúnra wa gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé àwa náà ṣe àṣìṣe nínú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa tí ó ń ta ata gbígbẹ ní àrùn kídìnrín. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ìyá Aláta. Dókítà sọ pé kídìnrín rẹ̀ méjèèjì kò lè dá iṣẹ́ ṣe mọ́, pé kí ó máa wá fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹgbẹ́ dáwó, mọ̀lẹ́bí dáwó, ó sì bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún inú bàtà, inú wa ń dùn. À ń kí i pé, "Ẹ ti sanra o, Ìyá! Ọlọ́run ṣé o!" À ń gbé ẹ̀kọ mímu lọ bá a, à ń gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ. Òun náà gbà pé ara ti yá. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n yọ òun kúrò lára ẹ̀rọ ní wákàtí méjì ààbọ̀ dípò mẹ́rin, kí òun lè dé ìsọ̀ kí ọkọ̀ ata tó já ẹrù.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, kò lè dùbúlẹ̀ mọ́. Bí ó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, ńṣe ni èémí á há. Òru ni wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, kílò 6 ló fi lé. Kì í ṣe ẹran, kì í ṣe ọ̀rá. Omi ni. Omi náà ti dé inú ẹ̀dọ̀fóró. Ọpẹ́ ni pé ẹ̀mí kò bọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹlòmíràn má bàa kó sí irú ẹ̀.

ISẸ́ TÍ KÍDÌNRÍN Ń ṢE

Kídìnrín méjì ni Ọlọ́run fi sí wa lẹ́yìn, lábẹ́ egungun ìhà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju ìkúùkù lọ. Asẹ́ ni wọ́n, bí asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì. Láàárín ọjọ́ kan, wọ́n á sẹ́ nǹkan bí lítà 180, wọ́n á dá èyí tó pọ̀ jù lọ padà sínú ara, wọ́n á wá tú lítà kan sí méjì dànù. Ìyẹn ni ìtọ̀.

Tí ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí àtọ̀gbẹ, tàbí àrùn tó ń ba asẹ́ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ bá ti bà wọ́n jẹ́ tán, ohun méjì ló máa ń pọ̀ sí i nínú ara. Èkíní ni ìdọ̀tí, bíi yúríà tó ń jáde láti inú ẹran, ẹja àti ẹ̀wà tí a jẹ. Èkejì ni omi. Ẹ fi méjèèjì sọ́kàn, ìdọ̀tí àti omi, torí orí wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dúró lé.

Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ gba inú rọ́bà lọ sínú asẹ́ kan tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò tóóró bí irun. Ẹ̀jẹ̀ á gba inú, omi tí wọ́n ti po èròjà sí á gba ìta. Ìdọ̀tí á jò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú omi yẹn, ẹ̀rọ á fa omi tó pọ̀ jù kúrò, ẹ̀jẹ̀ á padà sínú ara.

Dókítà Willem Kolff, ọmọ ilẹ̀ Hólàńdì, ló kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀rọ báyìí tó ṣeé lò fún ènìyàn, ní 1943, nígbà ogun Hítílà. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di ẹran tí a lọ̀ ló fi ṣe asẹ́ rẹ̀. Ní 1945, obìnrin ẹni ọdún 67 kan ni ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ náà gbà là. Ní 1960, Dókítà Belding Scribner ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà ṣe rọ́bà tó lè máa wà lápá aláìsàn, kí wọ́n lè máa fọ ẹ̀jẹ̀ náà léraléra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Nàìjíríà, LUTH ní Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1981.

Ohun tí ó yẹ ni kí aláìsàn wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ó sì lo wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan, kídìnrín tó dára kì í sinmi nínú rẹ̀ rárá. Wákàtí 12 péré ni ẹ̀rọ ń lò. Ṣé ẹ wá rí i pé kò sí èyí tí a lè gé kúrò nínú rẹ̀?

ARA ŃLÁ ÀTI ARA KÉKERÉ

Ibí ni ìwọ̀n ara ti wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ń fọ ìró kan àti ẹni tó ń fọ ìró mẹ́ta, ṣé wọ́n á jọ parí lákòókò kan náà? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìdọ̀tí kò dúró sínú ẹ̀jẹ̀ nìkan, ó wà nínú gbogbo omi ara. Bí ara bá ṣe tóbi tó ni omi inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe pọ̀ tó.

Ohun mẹ́ta ni àwọn dókítà fi ń ṣírò bóyá ẹ̀jẹ̀ mọ́ tàbí kò mọ́: iye tí ẹ̀rọ ń fọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, iye ìṣẹ́jú tí aláìsàn lò, àti iye omi tó wà lára rẹ̀. Wọ́n á sọ èkíní di ìlọ́po èkejì, wọ́n á wá fi ẹ̀kẹta pín in. Lórí ìwé àyẹ̀wò, Kt/V ni wọ́n ń kọ ọ́. Fún ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, kò gbọdọ̀ dín ní 1.2, wọ́n sì ń fẹ́ kí ó tó 1.4.

Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Ẹni tó lè ṣírò èrè orí kóńgò ẹ̀wà lè ṣírò eléyìí. Ẹ jẹ́ ká ní ìdajì ìwọ̀n ara obìnrin jẹ́ omi. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀rọ ń fọ mílílítà 200 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn lítà 12 ní wákàtí kan.

Obìnrin tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò 60 ní omi lítà 30 lára. Ní wákàtí mẹ́rin, ẹ̀rọ á fọ lítà 48. Tí a bá fi 30 pín 48, a ó rí 1.6. Ó mọ́.

Obìnrin tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò 90 ní lítà 45 lára. Wákàtí mẹ́rin kan náà, lítà 48 kan náà. Tí a bá fi 45 pín in, kò ju 1.07 lọ. Kò mọ́ tó. Àfi tí ó bá lo wákàtí márùn-ún, kí ẹ̀rọ fọ lítà 60, ìgbà náà ni yóò tó 1.33.

Owó kan náà ni àwọn méjèèjì san, àkókò kan náà ni wọ́n lò, ara ọ̀kan mọ́, ti èkejì kò mọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi dára kí a máa sọ fún ẹlòmíràn pé, "Wákàtí mẹ́rin ni ti ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí tìẹ fi jẹ́ márùn-ún?" Ara yàtọ̀ sí ara.

Ìyá Aláta wa ńkọ́? Kílò 60 ni ìwọ̀n tirẹ̀. Wákàtí méjì ààbọ̀ tó ń lò yẹn, lítà 30 péré ni ẹ̀rọ ń fọ̀ nínú rẹ̀. Tí a bá fi 30 pín 30, oókan ni. Kò tó 1.2. Ó dà bí ẹni tó san owó kóńgò mẹ́rin tó gba kóńgò méjì ààbọ̀, tó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un. Àwa tí a dá owó yẹn, a kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí kún un o. Ìṣirò tí a ṣe yìí, kí ọ̀rọ̀ lè yé wa ni a ṣe ṣe é. Dókítà ní tirẹ̀ kì í wo kílò nìkan. Ara ọkùnrin máa ń ní omi ju ti obìnrin lọ, ọ̀rá kì í sì í gba omi bí ẹran. Nítorí náà, wọ́n á wo gíga, wọ́n á wo ọjọ́ orí. Wọ́n sì lè lo asẹ́ tó tóbi tàbí kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yára sí i nínú ẹ̀rọ, kí wọ́n tó fi wákàtí kún wákàtí.

Ọ̀nà kejì tún wà tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún gbà á lẹ́yìn tí wọ́n parí. Tí yúríà bá jẹ́ 100 ní ìbẹ̀rẹ̀, ó kéré tán, 65 nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti lọ. Ẹ béèrè. Ẹ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, mélòó ni tèmi?" Kì í ṣe àfojúdi. Ẹni tó sanwó ọjà ló ń wo bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n.

PỌ̀NMỌ́ GBÍGBẸ, PỌ̀NMỌ́ TÍ A RẸ SÓMI

Ẹ jẹ́ ká wá sí orí omi. Ẹ̀yin oníponmọ́ wa, ẹ̀yin lẹ mọ èyí jù. Pọ̀nmọ́ gbígbẹ kan tí a bá rẹ sómi di ọjọ́ kejì, á wú, á tóbi, á wúwo. Ṣé ó ti di pọ̀nmọ́ méjì ni? Rárá o. Ọ̀kan náà ni, omi ló fà.

Bẹ́ẹ̀ ni ara ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ti dá iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn dókítà máa ń wá ìwọ̀n kan tí a lè pè ní ìwọ̀n gbígbẹ: ìwọ̀n aláìsàn nígbà tí kò sí omi àṣẹ́kù lára rẹ̀, tí ẹsẹ̀ kò wú, tí ó ń mí dáadáa, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí aláìsàn gun òṣùwọ̀n kí ó tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí ó parí. Ohun tó fi lé sórí ìwọ̀n gbígbẹ rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ènìyàn kì í sanra ní ọjọ́ méjì.

Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Píọ̀ wọ́tà kan tó jẹ́ ìdajì lítà jẹ́ ìdajì kílò. Ẹni tí kò tọ̀ mọ́ tó mu mẹ́rin ti fi kílò méjì lé ara rẹ̀. Ẹ̀kọ mímu, ọbẹ̀, tíì, yìnyín, ọsàn, omi ni gbogbo wọn. Iyọ̀ ló sì ń pe òùngbẹ: iyọ̀ inú ọbẹ̀, mágí, ẹja oníyọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn kò ju ṣíbí tíì kan lọ. Ní ti omi, ọ̀pọ̀ dókítà máa ń fi nǹkan bí ìdajì lítà lé iye ìtọ̀ tí aláìsàn tọ̀ lánàá, wọ́n á ní kí ó má mu ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ṣebí ẹ̀rọ á fa omi náà dànù?" Ohun tí Ìyá Aláta sọ nìyẹn. Ẹ̀rọ lè fà á lóòótọ́, ara ni kò lè gbà á. Ọ̀pọ̀ dókítà kì í fẹ́ kí ẹ̀rọ fà ju mílílítà 13 lọ fún kílò ara kan ní wákàtí kan. Fún ẹni kílò 60, ìyẹn jẹ́ mílílítà 780 ní wákàtí kan, lítà mẹ́ta àti díẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin. Ẹni tó gbé kílò 6 wá, kò ṣeé fà tán lọ́jọ́ kan. Tí wọ́n bá fi tipátipá fà á, iṣan ẹsẹ̀ á fà, òòyì á kọ́ ọ, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ọkàn á sì máa jìyà. Ẹni tó sì dìde ní wákàtí méjì ààbọ̀, kò tó lítà méjì tí wọ́n lè rọra fà lára rẹ̀. Ìyókù á bá a délé. Bí omi ṣe ṣẹ́ jọ sára Ìyá Aláta nìyẹn, tí àwa ń pè é ní sísanra.

Ẹ tún kíyè sí i pé ara kékeré kò lè gba fífà omi tó ara ńlá. Ara ńlá ń fẹ́ wákàtí púpọ̀ nítorí ìdọ̀tí, ara kékeré sì ń fẹ́ ẹ nítorí omi. Kò sí ẹni tí wákàtí gígé rọ̀ lọ́rùn.

Ẹ MÁ FI EBI PA ARA YÍN

Ẹnìkan lè ní, "Tí ara kékeré bá tètè mọ́, ẹ jẹ́ kí n rù." Ẹ gbọ́ o, ẹ̀tàn ni. Lóòótọ́, nọ́ḿbà orí ìwé á gòkè bí ara bá ṣe ń rù, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara ló ń tán. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe lórí ọ̀pọ̀ aláìsàn ní Amẹ́ríkà fi hàn pé, láàárín àwọn tí wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún, àwọn tó sanra díẹ̀ sábà máa ń pẹ́ láyé ju àwọn tó rù lọ. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ máa wá ọ̀rá kiri. Ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ṣì dára, sísanra jù lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, àwọn náà ló sì ń ba kídìnrín jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń fọ ẹ̀jẹ̀, ẹran ara rẹ̀ ni owó ìpamọ́ rẹ̀.

Ohun kan wà tó máa ń da ènìyàn rú. Kí aláìsàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ̀jẹ̀, dókítà lè ní kí ó dín ẹran àti ẹja kù. Tí ó bá ti wá bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà, torí ẹ̀rọ náà ń gbé díẹ̀ nínú èròjà amúaradàgbà lọ. Ó yẹ kí ó máa jẹ gíráàmù 1 sí 1.2 èròjà náà fún kílò ara kan lóòjọ́. Fún ẹni kílò 60, ìyẹn jẹ́ gíráàmù 60 sí 72. Ẹyin kan kò ju nǹkan bíi gíráàmù 6 lọ. Nítorí náà, kí ó rí ẹyin jẹ, kí ó rí ẹja tútù jẹ, kí ó rí adìẹ jẹ, bí dókítà bá ṣe là á sílẹ̀.

Èyí tó léwu jù nìyí: ẹran ara lè máa lọ, kí omi máa gba ipò rẹ̀. Òṣùwọ̀n á ṣì máa pe kílò 60, ṣùgbọ́n kílò 55 ni ara, márùn-ún tó kù omi ni. Òṣùwọ̀n kì í purọ́, àmọ́ kì í ṣàlàyé. Tí ìró bá ń tú nídìí, tí apá ń tín-ín-rín, tí ẹsẹ̀ sì ń wú, ẹ tètè sọ fún dókítà kí ó tún ìwọ̀n gbígbẹ náà wò.

ỌWỌ́ WA NI Ó WÀ

Owó ni olórí ìṣòro, a mọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nítorí àìsówó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn dín owó fífọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan kù láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan. UCH Ìbàdàn, LUTH, àti FMC ti Ebute-Metta àti Abẹ́òkúta wà lára wọn. Ẹ lọ béèrè níbẹ̀ kí ẹ tó san iye mìíràn níbòmíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká mú àwọn nǹkan wọ̀nyí lò:

1. Tí a bá dáwó fún ẹnìkan láti fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ jẹ́ ká tún dá àkókò fún un. Kí ẹnìkan bá a dúró ti ìsọ̀, kí ó lè lo wákàtí rẹ̀ pé.

2. Tí owó kò bá ká ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí aláìsàn sọ òótọ́ fún dókítà. Kí ó má fi pamọ́. Dókítà lè tún wákàtí àti omi mímu rẹ̀ ṣe.

3. Kí aláìsàn mọ ìwọ̀n gbígbẹ rẹ̀ lórí, bí ó ṣe mọ iye tó ra ọjà. Tí òṣùwọ̀n bá wà nílé, kí ó máa gùn ún láràárọ̀.

4. Tí a bá ń lọ kí i, ẹ má gbé ẹ̀kọ mímu àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ mọ́. Ẹ gbé ẹyin sísè tàbí ẹja tútù tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀.

5. Tí a bá rí i tí ojú tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ, ẹ má kí i kú oríire. Ẹ bi í pé, "Ìyá, kílò mélòó ni òṣùwọ̀n pè lánàá?" Tí èémí bá ń há, ẹ má dúró di ọjọ́ fífọ ẹ̀jẹ̀, ẹ gbé e lọ kíákíá.

Ìyá Aláta ti padà sí ìsọ̀ o. Wákàtí mẹ́rin rẹ̀ ń pé. Ọmọ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń bá a gba ẹrù ní ọjọ́ tí ó bá lọ. Ojú rẹ̀ ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ń sọ pé ó ti rù. Àwa tí a mọ̀, à ń dúpẹ́.

Ọlọ́run á fún àwọn aláìsàn wa ní ìlera, á sì dá kídìnrín tiwa sí. Ọjà á tà o. Àṣẹ.